A Dúpẹ́, Ara Le: Bí A Ṣe Yan Ìtọ́jú fún Bàbá Mi ní Accra

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Accra ni mo kúnlẹ̀ kí ìyá onílé mi, tí obìnrin náà sì fi ariwo pe àwọn ará ilé. Ọmọ Ga, àwọn onílẹ̀ Accra, ni, ó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹni tó tó ìyá mi ni mo ń fún un. Òun ò rí ọ̀wọ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tó rí ni obìnrin Nàìjíríà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó bi mí pé kí ni mo bà jẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ sáré wọ yàrá mi lọ wò bóyá mo ti dáná sun ún.

Ó ti di ọdún méjìdínlógún báyìí. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lórí ìdúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ṣì máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí n tó rántí. Ọjà Kaneshie ni mo ti ń ta ọṣẹ, ìyẹ̀fun wàrà, ṣúgà àti tòmátò inú agolo. Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Ọṣẹ dúdú tí mo ń tà náà, alata samina ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata. Nítorí náà, mi ò fi pátákó kankan sí iwájú ìsọ̀ mi. Bí oníbàárà bá ti béèrè ọṣẹ Alata, wọ́n á nawọ́ sí Alata tó jókòó tì í.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú nígbà tí mo dé kì í ṣe oúnjẹ. Ìkíni ni. Nílé, bí o bá jókòó, wọ́n á kí ọ kú ìjókòó. Bí o bá dúró, wọ́n á kí ọ kú ìdúró. Bí òjò bá pa ọ́, wọ́n á kí ọ fún òjò náà, bíi pé ìwọ lo gbé e wá. Ní Accra, mo jókòó sí ìsọ̀ fún oṣù mẹ́rin gbáko, ẹnikẹ́ni ò kí mi pé mo jókòó. Nígbà tó yá, ó ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì jókòó rárá.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé, lẹ́yìn ìsìn. Bàbá á bi mí pé ṣé ara le, èmi á ní ara le, sà, a dúpẹ́. Èmi náà á bi wọ́n, wọ́n á ní ara le, a dúpẹ́. Lẹ́yìn náà a ó sọ̀rọ̀ òjò. Lọ́dún kejì tí mo dé, obìnrin tí a jọ ń lo ìsọ̀ kan lé mi jáde, mo sì wà lójú títì pẹ̀lú páálí ọṣẹ mẹ́rìnlá nígbà tí Bàbá pè. Mo ní ara le. Èké kọ́ ni mo ń ṣe. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wí fún bàbá rẹ̀ pé ara kò le, kí bàbá náà wá fi ọwọ́ mú kí ni láti Ìkirè?

Àṣé bí èmi ṣe ń ṣe é fún wọn ni àwọn náà ń ṣe é fún mi. Ìyá mi ní ara le lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n sì kú ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Mi ò sọ èyí láti bà yín nínú jẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tó fi jẹ́ pé èmi, tí mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, ń jókòó ka iye ìgbà tí bàbá mi ń lọ sí ilé ìtọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Bàbá wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà, wọ́n gùn, wọ́n gbẹ, wọ́n sì ń rìn ju èmi lọ. Ní ìsìn Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, tó gba wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú, wọ́n jáde nígbà márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀, nítorí ìgbà ọrẹ ni, Bàbá sì ti máa ń jáde nígbà ọrẹ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Ó ku mẹ́rin. Mẹ́rin ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Olùyẹ̀wò kòkó ni wọ́n fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti Ìkirè dé Apòmù. Iṣẹ́ wọn ni láti fi irin ṣóńṣó gún àpò kòkó, kí wọ́n fa díẹ̀ jáde, kí wọ́n fi ọ̀bẹ là á sí méjì, kí wọ́n sì ka èyí tó hu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tí kò gbẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo wà tí mo ti ń bá wọn kà á. Nílé wa, bí ọmọ bá ní nǹkan kan tó bí ogún, kò ní jẹun títí tó fi máa sọ bóyá mọ́kàndínlógún ni tàbí mọ́kànlélógún. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àtẹ̀gùn ọjà wa ní ìpele mọ́kànlélógún lápá kan àti méjìlélógún lápá kejì, kò sì tíì sí ẹni tó fún mi ní àlàyé.

Mo mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Adabraka. Bàbá ní kí ni àwọn fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà fẹ́ bá wọn wò. Dókítà náà jẹ́ ọmọ Gánà, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ń pe Bàbá ní Papa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ, Bàbá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ti àwọn akọ̀wé ìjọba àtijọ́. Dókítà bi wọ́n pé báwo ni ara, ṣé ìtọ̀ ń jáde dáadáa, ṣé kì í fún wọn ní wàhálà. Bàbá na ẹ̀yìn wọn gbọọrọ.

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, dókítà. Ara le.”

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé Papa kò ní ìnira kankan. Mo rí i nígbà tó ń kọ ọ́. Ọmọ Gánà ni, kò mọ̀ pé bí Yorùbá bá wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ti dojú dé, tí o sì bi í pé báwo ni, ara le ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ó jẹ́ mẹ́rìnlá, ó sì yẹ kó kéré sí i. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí jẹjẹrẹ wà nínú pírósítéètì wọn, ẹran kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ó ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ dájú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé agbòòrùn mi síbẹ̀. Bàbá ní tiwọn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí i tí ojú wọn tàn láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Nígbà tí a padà lọ gba èsì, wọ́n bi dókítà pé ègé ẹran mélòó ni wọ́n mú.

“Méjìlá, Papa.”

“Láti apá ibo?”

Dókítà ya àwòrán kan, ó fi àmì sí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Bàbá fi ìka tọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá pé ọmọ yìí mọ iṣẹ́, kò mú gbogbo rẹ̀ láti ẹnu àpò, nítorí ẹnu àpò ni àwọn oníjìbìtì máa ń kó kòkó tó dáa sí. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé nínú méjìlá, jẹjẹrẹ wà nínú márùn-ún. Èmi ń sunkún. Bàbá ń yìn ín.

Jẹjẹrẹ náà kì í ṣe èyí tó rọ̀ jù, kì í sì í ṣe èyí tó le jù. Kò tíì dé inú egungun. Dókítà to ọ̀nà tó wà níwájú wa sílẹ̀, mo sì kọ wọ́n sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo fi rúlà fa ìlà sí àárín wọn. A lè dúró, ká máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ká máa ṣọ́ ọ. A lè fi iná ìtànṣán pa á, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ fún oṣù díẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà lè máa mú kí ooru ṣàdédé gùn wọ́n bíi ti obìnrin tó ti dàgbà. Bàbá wo abẹ̀bẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn. Iṣẹ́ abẹ láti yọ gbogbo ẹran náà kúrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ò fọwọ́ sí i fún ẹni tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Èyí tó kẹ́yìn, ó rọra sọ ọ́. Ó ní tí jẹjẹrẹ bá tàn ká lọ́jọ́ iwájú, dípò abẹ́rẹ́, àwọn kan máa ń yàn pé kí wọ́n yọ àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ kúrò, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ jẹjẹrẹ náà ti ń wá.

Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Yorùbá tó bí ọmọ, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá tó bí i, kí ni ó fẹ́ fi ojú wò? Mo wo kàlẹ́ńdà. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. A dé Circle, níbi tí a ti fẹ́ wọ ọkọ̀ mìíràn láàárín àwọn tó ń ta fóònù. Ibẹ̀ ni Bàbá ti dúró.

“Èyí tó kẹ́yìn yẹn,” ni wọ́n wí, “má kọ ọ́ sínú ìwé.”

Mo ti kọ ọ́. Mo fi báírò pa á rẹ́ nígbà tí a délé, ìlà mẹ́ta.

Lọ́wọ́ kan, èmi fẹ́ iná. Mo fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Lọ́wọ́ kejì, Sunday, àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn, fẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ní gbogbo àgbà ọkùnrin ibi iṣẹ́ òun ló ní kiní yẹn, pé wọ́n á máa bá a gbé ni, nǹkan mìíràn ni yóò sì wá pa wọ́n. Mo bi í pé ṣé nǹkan mìíràn yẹn ni a wá ń dúró dè. Ó ní kí n dá Bàbá padà sílé. Mo bi í pé ilé wo, níbi tí wọ́n ń dá gbé pẹ̀lú ayálégbé kan tó ń tún rédíò ṣe? Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀yin náà sáà ni ẹ lọ.” Mo pa fóònù. Mo tún pè é padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin láti sọ fún un pé èmi ni mo pa á, pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bàbá ní tiwọn kò yan nǹkan kan. Bí mo bá ti gbé ìwé mi dé, wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ méjì táwọn wá lò ti pé, àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Dókítà náà sì ti ń tẹ̀ sí ọ̀nà ká dúró ká máa ṣọ́ ọ, nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó ti dàgbà tó báyìí, tí kò sì ní ìnira kankan, kò yẹ ká fi ìtọ́jú dá a lágara. Mo mọ ibi tó ti rí “kò sí ìnira” yẹn. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi kà á. Nígbà tí a padà lọ, tí dókítà tún béèrè bí ìtọ̀ ṣe ń ṣe, tí Bàbá tún ní ara le, mo ṣí ìwé. Mo kà á sókè: ọjọ́ kìíní, ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì, mọ́kànlá. Ọjọ́ kẹta, mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n mo lọ ra ẹja láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n dúró nínú ilé ìtọ̀ fún ìṣẹ́jú méje, mo sì gbọ́ omi fún ìdajì ìṣẹ́jú péré.

Bàbá nawọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dí mi lẹ́nu, ìwé ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹrù kòkó wò.

“O kọ iye ìgbà,” ni wọ́n wí. “O ò kọ ohun tí mo mu. Kí ni olùyẹ̀wò fẹ́ fi èyí ṣe?”

Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n dá a padà fún mi. Dókítà ní ká lọ sọ ọ́ láàárín ara wa, ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

A ò sọ ọ́ láàárín ara wa. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tọ́lá, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kódà tí mo bá jókòó sí ìwájú wọn. Accra ni a bí Tọ́lá sí. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó máa ń rò ó ní Twi kó tó dáhùn. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti dé ni wọ́n ti ń pè é ní ìyàwó mi, bí àwọn bàbá àgbà ṣe máa ń pe ọmọ ọmọ wọn, òun náà sì gba oyè náà gidi. Kò sí ohun tí wọn ò lè bá a sọ. Èmi tí wọ́n bí nínú ara wọn, wọn ò lè bá mi sọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ọmọ tí mo bí, wọ́n lè bá a sọ ọ́.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí nídìí oúnjẹ, “sọ fún ìyá rẹ pé ọbẹ̀ yìí dùn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ka iye òkèlè tí mo jẹ, kó má lọ sọ fún dókítà.”

Tọ́lá yíjú sí mi, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Twi, ó sì gé e kúrú: ọbẹ̀ dùn, má kà á.

Ní ọjọ́ kẹta, mo sọ tinú mi jáde. Mo ní tó bá jẹ́ tèmi ni, iná ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n á wà lọ́dọ̀ mi títí tí ìtọ́jú á fi parí, lẹ́yìn náà wọ́n á wà lọ́dọ̀ mi fún àyẹ̀wò, lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọdún á ti parí, kò sì sí ẹni tó ń rìnrìn àjò nígbà ọyẹ́. Bàbá gbé kọ́ọ̀pù wọn kalẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀.

“Ṣé kí n yè lo fẹ́, àbí kí n dúró tì ọ́?”

“Méjèèjì, sà,” ni mo wí.

Òótọ́ ni. Mo sì ronú lé e lórí lọ́jọ́ kejì nídìí ọṣẹ mi. Nígbà tí èèyàn bá kúrò nílé, ó máa ń rò pé ilé yóò dúró níbi tó fi í sí, kí òun lè padà bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ ilé di ilé ń dàgbà, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà tí Bàbá jókòó ní pálọ̀ mi ní Accra, tí wọ́n kí mi pé mo kú ọjà nígbà tí mo dé, mo mọ ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ẹnikẹ́ni ò ti kí mi pé mo kú ọjà lẹ́nu ọ̀nà ara mi. Ẹ bi mí bóyá mo lè fi iná ìtànṣán dá bàbá mi dúró nítorí ìkíni. Mo rò pé mo lè ṣe é. Ìtìjú mú mi, mo sì ta ọṣẹ mẹ́ta ní iye méjì fún obìnrin kan.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, Bàbá ní kí n dúró síta. Wọ́n mú Tọ́lá wọlé. Mo ní ọmọdé ni. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìgbà kejì, ti dókítà ni. Mo dìde láti lọ gbé etí mi sára ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì kan sì wò mí títí tí mo fi padà jókòó.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, ìwé kan wà lórí tábìlì. Kì í ṣe tèmi. Èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, etí rẹ̀ ti wú nítorí òógùn ọwọ́, mo sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́ kí n tó jókòó. Dókítà yí i sí mi. Rúlà ni wọ́n fi fa ìlà rẹ̀. Ọjọ́. Iye ìgbà. Ohun tí mo mu. Àkíyèsí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, láì fo ọjọ́ kan. Ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n lẹ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ́ ojú ewé, èyí tí wọ́n ti lọ ṣe ní Òṣogbo láì sọ fún ẹnikẹ́ni: mẹ́fà, lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹta ni mẹ́rìnlá ti Accra. Ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú, ohun kan náà ló wà lábẹ́ àkíyèsí: “Ọmọ mi pè láti Accra. Mo ní ara le.”

Tọ́lá ti mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀, òun ló ń bá wọn ra báírò. Mo bi í pé èéṣe tí kò fi sọ fún mi, ó ní Bàbá sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni.

Dókítà ní nọ́ńbà náà ti ń gòkè léraléra, pé òun ò lè sọ pé ká dúró mọ́, ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le tó báyìí lè fara da iná. Ó ní Papa ti yan iná. Mo yíjú sí Bàbá.

“Kì í ṣe nítorí tìrẹ,” ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì wí, kí dókítà lè gbọ́. “Mo ti ń kà á fún ọdún méjì, ó ń pọ̀ sí i. Kòkó tó bá ti ń hu, a kì í tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká máa wò ó.”

“Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Tí mo bá sọ fún ọ, wàá ti ìsọ̀ rẹ pa, wàá wá jókòó tì mí ní Ìkirè, wàá sì máa kà mí.”

Dókítà gbé báírò rẹ̀. “Papa,” ni ó wí, “ó ti kà yín náà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi láti ọjọ́ ìwé mi. Wọ́n wá fi ìka mẹ́ta sókè. Àkọ́kọ́, mi ò gbọdọ̀ gbé orúkọ àwọn sílẹ̀ fún àdúrà ní ìjọ, kí gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá má baà máa wo àwọn nísàlẹ̀. Èkejì, kí n yéé kà. Ẹ̀kẹta, àwọn nìkan ni yóò máa lọ gba iná, kò sí ẹni tí yóò mú àwọn lọ́wọ́. Mo gba àkọ́kọ́ ní kíá. Mo gba èkejì lẹ́yìn ìjiyàn. Ẹ̀kẹta, mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ pé mo gbà.

Ọjọ́ Ajé tí iná fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n fi omi sínú ike, wọ́n sì jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì. Mo ti fi ìsọ̀ mi síkàáwọ́ obìnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wé ìborùn Tọ́lá mọ́ orí, mo fà á bo imú, mo sì tẹ̀lé wọn dé ibùdókọ̀ Kaneshie. Wọ́n wọ trotro, ọkọ̀ akérò tó ń lọ sápá ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo dúró kí àwọn èèyàn wọlé, mo tẹrí ba, mo gba ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn obìnrin sísanra kan tó gbé agbọ̀n búrẹ́dì lé ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, gbogbo ohun tí mo rí lára bàbá mi ni etí òsì wọn.

Inú mi dùn. Mo ń sọ nínú ara mi pé bí mo ṣe máa ṣe é fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà nìyí, wọn ò ní mọ̀ láéláé. Mo tilẹ̀ ń ro oríṣi ìborùn tí mo máa lò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọkọ̀, mo yọ tèmi, mo fún obìnrin ẹlẹ́búrẹ́dì, òun náà na án síwájú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú trotro, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo ń wo owó náà bó ṣe ń lọ. Ó dé ìlà kejì. Ó dé iwájú. Mo rí i tí orí funfun tó wà níwájú tẹ̀ díẹ̀, tí etí òsì náà mira. Lẹ́yìn náà, owó náà yí padà, ó tún ń bọ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tí obìnrin ẹlẹ́búrẹ́dì fi kó o lé mi lórí itan.

Ó fi Twi sọ ọ́ fún mi, ó ń wo ìborùn mi tìyanutìyanu. Ó ní papa tó wà níwájú ti san ti èèyàn méjì látìgbà tó ti wọlé, ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ òun pé kó tú ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè mí.

Mo tú u. Bàbá ò bojú wẹ̀yìn.